Ṣódẹkẹ́ àti Àwọn Àlejò Abẹ́òkúta

Àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó. Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, àtìpó ni púpọ̀ nínú wọn. Ní nǹkan bí 1834 àwọn Ọ̀wù náà dé, nítorí ìlú tiwọn ti di ahoro. Ìjà ti wà láàárín àwọn méjèèjì rí, síbẹ̀ Ṣódẹkẹ́ fún wọn nílẹ̀.

Láti 1839 ni àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n, tí a kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí ó gbé wọn lọ sí Freetown. Ní Èkó, wọ́n ja àwọn tó kọ́kọ́ dé lólè ẹrù wọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi gba Àgbádárìgì wọlé. Aṣọ òyìnbó ni wọ́n wọ̀ dé Abẹ́òkúta, orúkọ òyìnbó ni wọ́n ń jẹ́, àwọn ọmọ wọn kò sì rí ilẹ̀ Ẹ̀gbá rí. Ìlú ìbá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣódẹkẹ́ gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, bí ó ti gba Freeman ní oṣù Kejìlá 1842 àti Townsend ní oṣù Kìíní 1843. Àánú nìkan kọ́ o: ìlú tí ọ̀tá yí ká ń wá ọ̀rẹ́, ó sì ń wá ọ̀nà etíkun.

Ṣódẹkẹ́ ti kú kí Àjàyí Crowther tó dé ní oṣù Kẹjọ 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni Àfálá ìyá rẹ̀ rí ọmọ tí wọ́n kó lọ ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n wo ara wọn títí, ọ̀rọ̀ kò jáde, omijé ni ó ń dà.

Ní 1859 ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta, ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n aáwọ̀ Ẹ̀gbá pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó le sí i, ó sì di Ìfọ́lé ní oṣù Kẹwàá 1867. Wọ́n fọ́ ilé ìjọsìn, wọ́n ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jẹ́, àwọn òyìnbó sì kẹ́rù lọ sí Èkó. Ẹni tí ó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso ìlú nígbà náà ni G. W. Johnson. Ọ̀kan nínú àwọn Sàró ni.