Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń rán dókítà létí àyẹ̀wò tó yẹ kó ṣe fún yín?

Ikọ́ ló gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà tọ́jú ikọ́, ó kọ oògùn, ẹ padà sílé. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò yẹ̀ wò fún yín láti ọdún mẹ́ta ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rántí. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi àmì kankan hàn títí rọpárọsẹ̀ á fi dé.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń rán dókítà létí.

Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀?

Ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà ni Dókítà Clement McDonald ti dán an wò, tó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1976. Nígbà yẹn, orí bébà ni kọ̀ǹpútà máa ń tẹ ìránnilétí náà sí, kí dókítà lè kà á kó tó rí aláìsàn.

Dókítà mẹ́sàn-án ló kópa. Nígbà tí ìránnilétí wà, wọ́n ṣe ohun tó yẹ nígbà 51 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí kò sí, 22 péré ni. McDonald ní kì í ṣe pé àwọn dókítà náà ò mọ iṣẹ́. Ohun tí wọ́n ní láti rántí ló pọ̀ ju agbára èèyàn lọ.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ lónìí?

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. EMIS Web àti SystmOne ni ọ̀pọ̀ GP níbẹ̀ ń lò. Tí wọ́n bá ti ṣí fáìlì yín, ẹ̀rọ á wo ọjọ́ orí yín, àìsàn tẹ́ ẹ ní àti ọjọ́ àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Tí nǹkan bá kù, ìkìlọ̀ á yọ lójú ẹ̀rọ. Lára ohun tó lè rán wọn létí ni:

• Àyẹ̀wò ìlera NHS, ní ọdún márùn-ún márùn-ún, fún ẹni ọdún 40 sí 74 tí kò tíì ní àìsàn bíi ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn.
• Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ fún obìnrin ọdún 25 sí 64.
• Abẹ́rẹ́ àjẹsára flu fún ẹni ọdún 65 sókè.

Owó náà wà níbẹ̀: láti 2004 ni ìjọba ti ń san owó fún àwọn GP lórí irú iṣẹ́ báyìí kan.

Ibo ló kù sí?

Tí ìkìlọ̀ bá pọ̀ jù, ó máa ń sú dókítà, á kàn máa pa á rẹ́ láì kà á.

Ìkejì, ohun tí wọ́n kọ sí fáìlì nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Àyẹ̀wò tẹ́ ẹ ṣe ní Ìbàdàn kó tó di pé ẹ rìnrìn àjò, tẹ́ ò bá sọ, kò sí níbẹ̀.

Ìkẹta, àwọn àyẹ̀wò kan ò sí nínú ètò rárá. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹjẹrẹ prostate máa ń mú nǹkan bí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan nínú mẹ́rin, ìlọ́po méjì ti àwọn ọkùnrin yòókù. Síbẹ̀, kò sí ètò tó ń pe gbogbo ọkùnrin wá fún un. Ẹni tó bá ti lé ní 50 lè fẹnu ara rẹ̀ béèrè àyẹ̀wò PSA lọ́wọ́ GP. Ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ní in, kó tètè bá dókítà sọ̀rọ̀.

Kí lẹ lè ṣe?

• Ẹ sọ àìsàn tó wà nínú ìdílé yín.
• Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀.
• Ẹ kọ ọjọ́ àyẹ̀wò yín sílẹ̀ fúnra yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé níbí, tó jẹ́ káàdì ni ilé ìwòsàn yín ṣì ń lò, tiyín tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì inú dúrọ́ọ̀ kì í rán ẹnikẹ́ni létí. Tẹ́ ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ bi í pé: "Dókítà, àyẹ̀wò wo ló yẹ kí n ti ṣe tí mi ò tíì ṣe?"