Omi Tó Lọ́ràá Jù: Wíwá Orúkọ fún Wóró Inú Akúéríọ́ọ̀mù

Ẹni tó bá ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìgándò, ní Ìkòtún tàbí ní Ẹgbẹ́dá, ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, mọ gbólóhùn kan tó máa ń lé èèyàn dìde lórí ibùsùn: "Ẹja ti ń gbérí o, ẹ tú omi yẹn!" Wọn á ṣí ìdí tápólì tí wọ́n fi ṣe adágún ẹja, omi dúdú á ya lọ sínú gọ́tà, wọn á tan jẹnẹrétọ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi tuntun. Bí o bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, èsì kan náà ni: omi ti bàjẹ́.

"Omi ti bàjẹ́" yìí ni mo fẹ́ bá fà á. Ó kéré tán, ohun mẹ́ta ló fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọ́síjìn ló tán nínú omi. Ìyẹn kì í tètè pa ẹja àrọ̀, torí pé ó ní ẹ̀yà ara tó fi ń mí afẹ́fẹ́ lójú omi. Ó lè jẹ́ amóníà, tó ń ti ara ẹja àti oúnjẹ àjẹkù jáde, tó sì lè pa ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó sì lè jẹ́ nítíréètì àti fọ́sífeètì, tí kì í pa ẹja lójijì, ṣùgbọ́n tó ń mú kí ohun aláwọ̀ ewé bo gbogbo ojú omi. Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Bí orúkọ kan ṣoṣo bá wà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìtọ́jú kan ṣoṣo náà ni yóò wà: tú u dànù. Owó epo àti owó omi ló ń bá a lọ.

Àwọn tó ń sin iyùn nínú akúéríọ́ọ̀mù, ìyẹn àpótí gíláàsì, olómi iyọ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ń bá wàhálà kan náà yí, wọ́n sì ní ohun èlò kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní biopellet. Wóró kéékèèké ni. Wọ́n á kó o sínú ìgò tí omi ń gbá láti ìsàlẹ̀ sókè, kí wóró náà máa yí gbirigbiri láìdúró. Bakitéríà á so mọ́ ọn lára, wọn á máa jẹ ẹ́. Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń pọ̀ sí i, bí wọ́n sì ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń gba nítíréètì àti fọ́sífeètì inú omi láti fi mọ ara tuntun. Èyí tó bá já bọ́ lára wóró, ẹ̀rọ mìíràn á kó o pọ̀ mọ́ ìfófó, wọn á sì dà á nù. Báyìí ni omi tí wọ́n ń pààrọ̀ ṣe ń dín kù. Báwo la ṣe fẹ́ sọ gbogbo èyí fún ẹni tó ní tápólì lẹ́yìn ilé ní Alímọ̀ṣọ́, lédè tó fi ń nájà?

Ẹ jẹ́ ká ti orí iyùn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Etíkun wa kò ní òkìtì iyùn gidi. Omi odò tó ń ya wọ òkun lápá ibí pọ̀, ó sì ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí iyùn lábẹ́ omi ní agbègbè wa, ọ̀nà erékùṣù São Tomé àti Príncipe ni kó forí lé. Síbẹ̀ kò sí Yorùbá tí kò mọ iyùn, torí pé ọrùn ọba àti ọrùn ìyàwó la ti mọ̀ ọ́n. Láti inú òkun Mẹditaréníà ni iyùn pupa ti wá, àwọn oníṣòwò Potogí sì wà lára àwọn tó gbé e dé Ìbíní àti ilẹ̀ wa. Egungun ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹran tó kọ́ egungun náà kò tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe ẹranko náà ní iyùn ààyè, tí mo sì ń sọ pé wọ́n ń sìn ín, bí a ṣe ń sin ẹja àti adìyẹ.

Ibi tó le jù lọ ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní nutrient. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń pè é ní èròjà aṣaralóore. Lórí àwo oúnjẹ, ó dára. Nínú omi ẹja, irọ́ ni. Sọ fún ọlọ́sìn ẹja pé èròjà aṣaralóore ti pọ̀ jù nínú omi rẹ̀, ṣe ni yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ọwọ́ àgbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a ń wá wà. Ilẹ̀ tí ewé àti ìgbẹ́ ẹran ti jẹrà sí, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Èyí tí wọ́n ti gbin nǹkan sí títí tí kò fi lè mú nǹkan jáde mọ́, ó ti ṣá. Nítírójínì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wà lára ohun tó mú ilẹ̀ yẹn lọ́ràá. Àwọn náà ló wà nínú omi. Nítorí náà, omi lọ́ràá jù. Ẹni tó gbọ́ ọ kò nílò olùkọ́ láti mọ̀ pé nǹkan yóò hù níbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà ti wà nílẹ̀. Bí wóró yẹn bá fa ọ̀rá omi ju bó ṣe yẹ lọ, omi á ṣá, iyùn ààyè náà á sì ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn, torí pé àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó ń gbé inú ara rẹ̀, tó ń bọ́ ọ tó sì ń fún un láwọ̀, kò ní rí ọ̀rá jẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ olùsìn iyùn kì í fẹ́ kí nítíréètì kọjá mílígíráàmù 10 nínú lítà omi kan, wọn kì í sì í fẹ́ kó tán pátápátá.

Mo mọ àtakò tó ń bọ̀. Ní Èkó, ọ̀rá tún ni láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa, ẹni tó bá sì ń gbé nítòsí ààtàn Solous ní Ìgándò lè rò pé láílọ́ọ̀nù ló ti ya wọ inú kànga òun. Ká rẹ́rìn-ín, ó tọ́. Ṣùgbọ́n ààtàn yẹn gan-an ló jẹ́ kí n di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ní 2010, Longe àti Balogun tẹ ìwádìí kan jáde lórí omi abẹ́ ilẹ̀ tó yí i ká. Nítíréètì àti fọ́sífeètì wà lára ìwọ̀nba ohun tó kọjá ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún omi mímu. Omi lè lọ́ràá kí ẹja tó dé inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ omi tápólì, ọ̀rá ló ń bù lé ọ̀rá.

Káábọ̀nù ni oúnjẹ tí wóró náà ń fún bakitéríà. Ó máa ń wu èèyàn láti pè é ní èédú, mo sì lòdì sí i pátápátá. Èédú ti wà nínú akúéríọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀: wọ́n ń fi èédú tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀ fa àwọ̀ àti òórùn kúrò nínú omi, bakitéríà kò sì lè jẹ ẹ́. Ẹni tó bá kà á pé "ẹ fún bakitéríà ní èédú" á lọ ra èédú ìdáná ní ọjà Ìkòtún, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí.

Bakitéríà ní tirẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. "Kòkòrò àìfojúrí" dùn létí, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ti gbọ́ kòkòrò, oògùn apakòkòrò ló ń wá. Ohun tó nílò orúkọ ni oríṣi méjì tó wà nínú wọn. Nínú oríṣi àkọ́kọ́, àwọn kan ń sọ amóníà di nítíráìtì, àwọn mìíràn ń sọ ìyẹn di nítíréètì. Wọn kò mú ọ̀rá kúrò, wọ́n kàn ń yí i láwọ̀ padà. Àwọn wọ̀nyí ni mo pè ní asọdi. Oríṣi kejì, àwọn tó ń jẹ wóró, ń gbé nítíréètì mì, wọ́n ń fi ṣe ara. Agbémì ni wọ́n. Ẹni tó bá ra asẹ́ olówó ńlá tó kún fún asọdi, tó wá ń retí pé kí nítíréètì dín kù, yóò retí títí.

Ó ku wóró fúnra rẹ̀. "Wóró alààyè" ni atúmọ̀ èdè tó ń kánjú yóò kọ, torí bio tó wà níwájú. Kò tọ̀nà, wóró náà kò láàyè. Ohun kan bí ike ni, tí bakitéríà fúnra wọn ń tò pamọ́ sínú ara de ìgbà ọ̀dá. Maurice Lemoigne, ará Faransé, ló ṣàwárí oríṣi rẹ̀ kan ní 1926. Ká pè é ní "wóró" lásán náà léwu, torí wóró ni oúnjẹ ẹja tí gbogbo ọlọ́sìn ń rà, ẹnì kan á sì fọ́n ọn fún ẹja jẹ. Mo pè é ní wóró ìjẹ bakitéríà. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ẹni tó ni oúnjẹ. Ìgò tó ń yí i ni ìgò ìyíwóró; bí wóró bá dì mọ́ra níbẹ̀ tí kò yí mọ́, inú rẹ̀ á máa rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́.

Ìdí tí mo fi ń fi iṣẹ́ sọ nǹkan lórúkọ, tí n kì í fi ìrísí tàbí ìyanu sọ ọ́, ni pé mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn orúkọ ìyanu. Asọ̀rọ̀mágbèsì dára, ó pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n rédíò la ń gbọ́. Ayárabíàṣá sọ pé kọ̀ǹpútà yára, kò sọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣe ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 kò tijú àyálò: wọ́n gba fóníìmù àti mọ́fíìmù wọlé. Ṣáájú wọn, láti 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ifẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí ọ̀rọ̀ jáde nínú kíláàsì dé ìdí tápólì.

Nítorí pé ó wúlò níbẹ̀. Kílò kan oúnjẹ ẹja tó ní purotéènì ìdá 40 nínú 100 ń gbé nítírójínì gíráàmù 64 wọ inú omi, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í sì í di ẹran ara ẹja. Ní 1999, Yoram Avnimelech, onímọ̀ ọmọ Ísírẹ́lì, tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí a bá fi ohun tó ní káábọ̀nù, irú bí ìyẹ̀fun, kún omi, agbémì á gba amóníà mọ́ra. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, kò sì wọ́n bíi wóró òyìnbó. Ṣùgbọ́n agbémì ń mí, wọ́n sì ń jẹ ọ́síjìn púpọ̀. Tápólì tí kò ní ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Wóró náà ní ààlà tirẹ̀. Alfred Redfield, onímọ̀ òkun ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé nínú àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó ń léfòó nínú òkun, átọ́ọ̀mù nítírójínì 16 ló ń bá átọ́ọ̀mù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì 1 rìn. Agbémì náà ń gba nítírójínì ju fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì lọ, nítorí náà nítíréètì ni yóò kọ́kọ́ tán. Fọ́sífeètì á ṣẹ́ kù sílẹ̀, ohun mìíràn ni wọ́n sì fi ń mú un.

Ẹ̀yin tó ń ta oúnjẹ ẹja ní Alímọ̀ṣọ́, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ ọlọ́sìn jù wá lọ. Nígbà tí oníbàárà bá tún sọ pé omi òun ti bàjẹ́, ẹ bi í léèrè: ṣé ọ́síjìn ló tán, ṣé amóníà ni, àbí omi ló lọ́ràá jù? Bí wóró ìjẹ bakitéríà bá sì dé orí àtẹ yín, ẹ má kó o sí ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ ẹja.