Aṣọ Ẹnu Ọ̀nà Izakaya: Bí Ilé Ọtí àti Ilé Oúnjẹ Ṣe Ń Pẹ́ Láyé ní Jàpáànù

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí jìnnà sílé díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á. Ó dá lórí ilé ọtí àti ilé oúnjẹ àtayébáyé ní ilẹ̀ Jàpáànù.

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò: kí ló ń mú kí ilé oúnjẹ kan pẹ́ ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ? Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ láyé ló ń bá olówó rẹ̀ wọlẹ̀. Ìyá olóúnjẹ kú, iná ààrò náà kú. Ṣùgbọ́n ní Jàpáànù, ilé ìpanu kan wà tó ka ọjọ́ orí rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún ọdún, ìsọ̀ ọtí sì wà tó ti ju irinwó ọdún lọ. Iná jó wọn, ilẹ̀ mì tìtì, bọ́ǹbù já lé wọn lórí, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń tà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Izakaya ni wọ́n ń pe ilé ọtí ìbílẹ̀ wọn. Sakaya ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta sáké, ọtí ìrẹsì wọn. "I" tó ṣáájú rẹ̀ wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí ènìyàn wà níbì kan, kó jókòó síbẹ̀. Ìsọ̀ ọtí tí a lè jókòó sí ni izakaya. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ ra ọtí á gbé ìgò tirẹ̀ lọ, wọ́n á bù ú fún un láti inú àgbá, á sì gbé e lọ sílé. Nígbà tó yá, àwọn kan kò lè mú sùúrù délé mọ́, wọ́n ń mu ún lẹ́nu ìsọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́tí bá gbé àpótí ìjókòó kalẹ̀ fún wọn, ó sì wá nǹkan ìpanu sí i. Bí ilé ọtí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Sáké kì í ṣe irú ọtí líle bíi sodabì tiwa. Pípọn ni wọ́n ń pọn ọ́n, bí a ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Wọ́n á se ìrẹsì, wọ́n á jẹ́ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ bu. Ìrẹsì tó bu yẹn, koji ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ ìrẹsì yòókù di dídùn, kí adùn náà tó wá di ọtí.

Ìlú tí izakaya ti gbilẹ̀ jù ni Edo, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Tokyo ní 1868. Ẹ má fi Edo yìí pe Ẹdó ti Bìní o, orúkọ ló jọra. Ní 1590, ìjòyè kan tó ń jẹ́ Tokugawa Ieyasu kó wá síbẹ̀ nígbà tí ìlú náà ṣì kéré. Ní 1603 ó di ṣógùn, ìyẹn olórí ogun tó ń ṣàkóso gbogbo Jàpáànù lórúkọ ọba. Ojú omi ni òkúta àti igi tí wọ́n fi kọ́ ààfin rẹ̀ ń gbà wọlé, èbúté kan sì wà ní Kanda tí wọ́n ti ń já wọn kalẹ̀. Ẹ̀bá èbúté yìí ni Toshimaya Juemon ṣí ìsọ̀ ọtí sí ní 1596.

Ẹ wo ọgbọ́n ajé tí ilé yìí dá. Iye tí wọ́n ra ọtí ni wọ́n ń tà á, wọn kò fi èrè lé e. Àgbá òfìfo tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n ń tà, ibẹ̀ ni èrè ti ń wọlé. Wọ́n tún ń yan wàrà sóyà, tí àwọn ń pè ní tofu, lórí igi tínrín, wọ́n á sì fi miso pa á lára. Ẹ̀wà sóyà tí wọ́n fi pamọ́ títí tó fi kan ni miso, ẹ kàn rò ó bí irú tiwa. Ègé tofu náà tóbi, owó rẹ̀ kò wọ́n. Alágbàṣe tó ti ń gbé òkúta láti àárọ̀ á jẹ, á mu, owó á ṣì kù lápò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ka Toshimaya sí ọ̀kan lára ìyá gbogbo izakaya, ilé iṣẹ́ náà sì wà ní Kanda títí di òní.

Kí ló dé tí Edo fi nílò ilé ọtí tó bẹ́ẹ̀? Ọkùnrin ló pọ̀ níbẹ̀. Ní 1635, ìjọba ṣógùn fi òfin lélẹ̀ pé kí olórí ìgbèríko kọ̀ọ̀kan máa gbé Edo fún ọdún kan, kó sì padà sí ìlú rẹ̀ fún ọdún kan. Aya àti ọmọ rẹ̀ á dúró sí Edo bí ìwọ̀fà, kó má baà dìtẹ̀. Àwọn jagunjagun tó ń tẹ̀ lé irú olórí bẹ́ẹ̀ fi ìyàwó tiwọn sílẹ̀ ní ìgbèríko. Ní 1657, iná ńlá jó ju ìdajì ìlú náà lọ, wọ́n sì ní àwọn tó kú tó 100,000. Káfíńtà, bíríkìlà àti alágbàṣe ya wọlé láti wá tún un kọ́. Ta ni yóò se oúnjẹ fún gbogbo wọn? Yàrá tí wọ́n ń gbé há, ẹ̀rù iná sì ń ba gbogbo ènìyàn. Àwọn tó ń ta oúnjẹ sísè bá pọ̀ sí i lójú pópó. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ka izakaya tó wà ní Edo ní 1811, wọ́n rí 1,808, ní ìlú tí èrò rẹ̀ ń lọ sí mílíọ̀nù kan.

Bí ẹ bá dé irú ilé bẹ́ẹ̀ lónìí, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni noren, aṣọ tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, tí orúkọ ilé sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá ta á síta, ọjà ti ṣí. Bí wọ́n bá ká a wọlé, ọjà ti parí. Fìtílà pupa oníbébà lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ilé, tábìlì gígùn kan dojú kọ ẹni tó ń se oúnjẹ, orúkọ oúnjẹ sì wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Bí ẹ ṣe ń jókòó, wọ́n á gbé àwo kékeré kan síwájú yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè. Àlejò máa ń rò pé ọ̀fẹ́ ni, títí yóò fi rí owó rẹ̀ nínú ìṣirò. Ẹ lè mu sáké ní tútù tàbí ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìwà ọmọlúàbí wọn sì ni pé ẹnìkan kì í bu ọtí fún ara rẹ̀, ẹni tó jókòó tì í ló ń bù ú fún un.

Ẹ jẹ́ kí á wá bọ́ sórí àwọn tó dàgbà jù. Ní Kyoto, lẹ́bàá ojúbọ Imamiya, ilé kan wà tó ń jẹ́ Ichimonjiya Wasuke. Wọ́n ní ọdún 1000 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà: ìrẹsì tí wọ́n gún bí iyán, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi igi ọparun gún, tí wọ́n yan lórí èédú, tí wọ́n sì da miso dídùn lé lórí. Àwọn olùjọsìn tó wá sí ojúbọ ni oníbàárà wọn látilẹ̀wá. Ní ìlú kan náà, Honke Owariya ti wà láti 1465. Nǹkan dídùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà kí wọ́n tó di ilé soba, oúnjẹ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sùpàgẹ́tì. Ní Asakusa, ní Tokyo, Komagata Dozeu ti ń se ẹja wẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹrẹ̀ láti 1801.

Ilé Komagata Dozeu yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣí i, ní 1806, iná ńlá jó o. Nígbà tí olówó rẹ̀ tún un kọ́, ó dín lẹ́tà orúkọ ẹja tó wà lára noren kù láti mẹ́rin sí mẹ́ta, nítorí ó gbà pé iye tó ṣe é pín sí méjì kò mú oríire wá. Ilẹ̀ tó mì ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 1923 tún mú iná wá, ilé náà jóná. Ogun dé, bọ́ǹbù 1945 tún jó o. Èyí tí ènìyàn ń rí lónìí, tó jọ ilé oníṣòwò ayé Edo, 1964 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwa náà máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé igi àti ògiri kọ́ ni àgbà tó wà níbẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní, ṣé ilé tó ti jó lẹ́ẹ̀mẹta ṣì ni ilé 1801? Lójú àwọn ará Jàpáànù, òun ni, nítorí noren rẹ̀ kò sọnù. Aṣọ ẹnu ọ̀nà yẹn ti di orúkọ rere fúnra rẹ̀ nínú èdè wọn. Bí ilé bá ba oníbàárà jẹ́, wọ́n á ní ó ti da ìdọ̀tí sí noren rẹ̀. Ní Komagata Dozeu, gbogbo ẹni tó bá jogún ilé náà ló ń jẹ́ orúkọ ẹni àkọ́kọ́, Echigoya Sukeshichi, bí ẹni jẹ oyè. Nínú àwọn ilé tó ń yan ẹja gígùn tí wọ́n ń pè ní unagi, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń pa ẹja lára kì í tán nínú ìkòkò. Wọ́n ń bù ú, wọ́n ń fi tuntun kún un láti ìran dé ìran. Wọ́n ní bí iná bá sọ, ìkòkò yẹn ni wọn á kọ́kọ́ gbé sá.

Ta ló wá ń jogún rẹ̀? Bí ọmọkùnrin kò bá sí, tàbí tí èyí tó wà kò mọ iṣẹ́, wọ́n lè fi ọmọbìnrin ilé fún ọmọ iṣẹ́ tó mọwọ́ jù, kí wọ́n sì sọ ọkọ náà di ọmọ ilé. Á fi orúkọ ìdílé tirẹ̀ sílẹ̀, á máa jẹ́ ti àna rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọkọ máa jẹ́ orúkọ ilé ìyàwó rẹ̀ á di ọ̀rọ̀ ẹ̀sín. Lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ ni kò gbọdọ̀ kú. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn oníṣòwò Jàpáànù bá kúkú wá ẹni tí a kọ́, wọ́n sì sọ ọ́ di ọmọ. Ọmọ iṣẹ́ tó bá sì sìn dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún lè gba òmìnira, kí ọ̀gá rẹ̀ fún un láyè láti fi orúkọ kan náà ṣí ìsọ̀ tirẹ̀. Noren-wake ni wọ́n ń pe ìyẹn, pípín noren.

Kì í ṣe pé oyin nìkan ló wà níbẹ̀. Ọmọdékùnrin ni wọ́n ń fi sẹ́nu iṣẹ́ yìí láyé Edo. Oúnjẹ àti ibùsùn ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí owó oṣù. Fún ìgbà pípẹ́, ibi àwọn ọkùnrin ni izakaya jẹ́, ẹ̀yìn 1970 ni àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ní ẹ̀ka káàkiri náà dé, wọ́n ń ta ní owó pọ́ọ́kú. Nígbà àrùn kòrónà, ìjọba ní kí ilé ọtí máa tì ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ní 2021, wọ́n tilẹ̀ ní kí àwọn ti Tokyo má ta ọtí rárá fún ìgbà kan. Ọ̀pọ̀ ló ká noren wọlé tí kò tà á síta mọ́. Àìrí àrólé sì burú ju àrùn lọ: ọmọ ti lọ ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, oníbàárà wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò dìde ní ìdájí.

Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, UNESCO kọ ọ̀nà ìpọntí sáké sínú àtòkọ kan náà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa wà nínú rẹ̀ láti 2008. Àtòkọ ohun tí a kò lè fọwọ́ kàn ni: iṣẹ́ ọwọ́, orin, ijó, ìmọ̀ tí ẹnìkan ń fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè wa wà.

Ẹ gbọ́ ti Kagiya kí n tó dákẹ́. Ìsọ̀ ọtí ni nígbà tí wọ́n ṣí i ní 1856, ó di izakaya lẹ́yìn ogun. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú títì fẹ̀ sí i, ilé náà ní láti kúrò lọ́nà. Wọ́n tú u pẹ̀lú ìṣọ́ra, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìta gbangba tí wọ́n kó àwọn ilé àtijọ́ Tokyo jọ sí. Ó wà níbẹ̀ dòní, tábìlì rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìgò wà lórí pẹpẹ, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wá wò ó. Ẹnikẹ́ni kì í mutí níbẹ̀. Àwọn ẹbí tó ni ín kó lọ sínú ilé àtijọ́ mìíràn ní Negishi, wọ́n ta noren síta, wọ́n ń gbé sáké kaná. Bí ẹ bá dé Tokyo tí ẹ béèrè Kagiya, ibẹ̀ ni ará àdúgbò máa júwe fún yín.