Ìyá onísìgá àti ọmọbìnrin 25 tó bómi lọ: Bí iṣẹ́ àti òṣèlú ṣe mú kí àwọn èèyàn Taiwan máa pe ara wọn ní 'ará Taiwan'

Opó ni Lin Jiang-mai. Sìgá ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nílùú Taipei, kó lè rí owó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Kejì, ọdún 1947, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó òwò tábà ká a mọ́ ibi tó ti ń tajà. Ìjọba nìkan ló láṣẹ òwò tábà nígbà náà, wọ́n sì ní ọjà fàyàwọ́ ni sìgá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gba ọjà, wọ́n gba owó. Bó ṣe ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣàánú òun ni ọ̀kan nínú wọn fi ìbọn là á lórí.

Inú bí àwọn èrò tó wà nítòsí, wọ́n sì ya bo àwọn òṣìṣẹ́ náà. Níbi tí wọ́n ti ń sá lọ, ọ̀kan nínú wọn yìnbọn, ọta rẹ̀ bá ẹnì kan tó kàn dúró síbẹ̀, onítọ̀hún sì gbabẹ̀ kú. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, Taipei ti gbóná.

Lónìí, bí a bá gbọ́ orúkọ Taiwan nínú ìròyìn, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ogun China tàbí ti ṣíìpù kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn erékùṣù náà fi ń sọ pé ará Taiwan làwọn, pé àwọn kì í ṣe ará China, ọ̀dọ̀ ìyá onísìgá yìí ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ń jókòó sí ọ́fíìsì?

Láti ọdún 1895 títí di 1945, abẹ́ ìṣàkóso Japan ni Taiwan wà. Nígbà tí Japan fìdí rẹmi nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba China tí ẹgbẹ́ òṣèlú Kuomintang, ìyẹn KMT, ń darí ló gba erékùṣù náà. Ọ̀pọ̀ ará Taiwan ló jáde lọ pàdé àwọn ọmọ ogun China tìlù tìfọn. Wọ́n rò pé ẹbí àwọn ló dé.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Àwọn tó ti òkè òkun dé ló gba ipò ńláńlá nínú iṣẹ́ ìjọba. Èdè Mandarin tí ìjọba tuntun ń sọ kò yé ọ̀pọ̀ ará Taiwan, torí èdè Hokkien, Hakka tàbí èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń sọ nílé, tí wọ́n sì kọ́ Japanese nílé ìwé. Ẹni tó jẹ́ akọ̀wé lánàá wá di ẹni tí kò mọ̀wé lónìí. Owó ìrẹsì ń gòkè, iṣẹ́ ò sí, ìjọba sì di ọ̀pọ̀ òwò mú sọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe lu opó kan nítorí sìgá ló wá dá iná sí epo tó ti dà sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1947, àwọn ọmọ ogun dé láti China láti paná ìwọ́de náà. Ìwádìí tí ìjọba Taiwan fúnra rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 1992 sọ pé àwọn tí wọ́n pa wà láàárín 18,000 sí 28,000. Àwọn agbẹjọ́rò, dókítà, olùkọ́ àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ nínú wọn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn Kọ́múnísítì ṣẹ́gun KMT ní China. Chiang Kai-shek kó ìjọba rẹ̀ sá wá sí Taiwan, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì bá a wá. Òfin ológun tí wọ́n kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1949 wà níbẹ̀ fún ọdún 38.

Lásìkò yìí ni iṣẹ́ pín àwọn èèyàn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tó wá láti China àtàwọn ọmọ wọn ló pọ̀ nínú iṣẹ́ ọba, iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ olùkọ́. Oko, ọjà àti ilé iṣẹ́ kéékèèké ló kù fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mandarin ni èdè ọ́fíìsì, Hokkien ni èdè ọjà. Ọmọ ilé ìwé tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ nínú kíláàsì lè san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n gbé pátákó kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ wa tó lọ ilé ìwé ní Nàìjíríà mọ bí irú ìtìjú yẹn ṣe máa ń rí.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá Chiang wá ló jẹ ayé o. Àwọn ọmọ ogun kéékèèké ń gbé nínú àwọn àdúgbò àkọ́pọ̀ tí ilé rẹ̀ kò ju yàrá kótópó lọ, ìjọba kò sì gba ọ̀pọ̀ wọn láyè láti gbéyàwó fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn kan nínú wọn ń ta núùdù ọlọ́bẹ̀ ẹran màlúù kí wọ́n lè rí owó jẹun. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Taiwan kì í jẹ ẹran màlúù nígbà náà, torí màlúù ló ń bá wọn túlẹ̀ lóko. Lónìí, núùdù náà ni àlejò kọ́kọ́ máa ń béèrè fún bó bá dé Taipei.

Ẹni tí wọ́n lé kúrò ní ọ́fíìsì

Ìjọba KMT kò fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ Taiwan dìde bíi ti China. Lọ́dún 1949 ló pàṣẹ pé ìṣákọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 37.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìkórè lọ. Nígbà tó fi máa di 1953, ó ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ ńlá láti tà á fún àwọn tó ń dáko lórí rẹ̀. Owó wá ń ṣẹ́ kù lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Wọ́n rán ọmọ lọ sí ilé ìwé, wọ́n sì ra ẹ̀rọ kan tàbí méjì.

Ní ọdún 1966, ìjọba ṣí àgbègbè ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà ránṣẹ́ sókè òkun nílùú Kaohsiung. Ní Taishan, lẹ́bàá Taipei, wọ́n ń ṣe bèbí Barbie láti ọdún 1967. Àwọn olórí ní kí wọ́n sọ pálọ̀ ilé di ilé iṣẹ́, ìyá àtọmọ sì ń jókòó yí tẹlifíṣàn ká, wọ́n ń to nǹkan tí wọ́n máa tà fún Amẹ́ríkà. Àwọn tí wọn kò fún ní iṣẹ́ ìjọba wá di ọlọ́jà. Agbára tí òṣèlú fi dù wọ́n, òwò fún wọn lára rẹ̀.

Àmọ́ àwọn ọmọbìnrin ló sanwó rẹ̀ jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ 3, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1973, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò láti erékùṣù Qijin lọ sí Kaohsiung rì. Èèyàn 25 ló kú. Obìnrin ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó tíì lọ́kọ nínú wọn, ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì ń lọ.

Nínú àṣà ibẹ̀, ọmọbìnrin tó bá kú láì tíì lọ́kọ kò ní ààyè lórí pẹpẹ àwọn baba ńlá nílé bàbá rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n sin wọ́n papọ̀, wọ́n sì pe ibẹ̀ ní ibojì àwọn omidan 25. Àwọn ará àdúgbò ń bẹ̀rù àtikọjá níbẹ̀ lálẹ́, wọ́n ní iwin tó ń wá ọkọ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń fi owó oṣù wọn ran àbúrò lọ́wọ́ nílé ìwé nìyẹn o!

Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìdí tí wọ́n fi ń rántí wọn gẹ́gẹ́ bí omidan, tí wọn kò rántí wọn gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Lọ́dún 2008, ìjọba ìlú Kaohsiung tún ibẹ̀ ṣe, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ọgbà ìrántí àwọn obìnrin òṣìṣẹ́. Chen Chu ni olórí ìlú náà nígbà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí ìwọ́de ìjọba tiwantiwa tó wáyé ní Kaohsiung kan náà lóṣù Kejìlá ọdún 1979, ó sì ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Orúkọ nílé, orúkọ níta

Ní oṣù Keje ọdún 1987 ni òfin ológun kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Morris Chang, tí wọ́n bí sí China, dá ilé iṣẹ́ ṣíìpù TSMC sílẹ̀. Àwọn ará Taiwan ń pe ilé iṣẹ́ náà ní òkè mímọ́ tó ń dáàbò bo orílẹ̀-èdè. Mo rò pé ìyẹn fi hàn pé ìbéèrè ibi tí wọ́n bí èèyàn sí kò le bíi tàtijọ́ mọ́. Lee Teng-hui, ààrẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí sí Taiwan, tọrọ àforíjì lọ́dún 1995 fún ìpakúpa ọdún 1947. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn aráàlú fi ìbò tiwọn yan ààrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Fásitì Chengchi ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè kan náà láti ọdún 1992: ta lo pe ara rẹ? Lọ́dún náà, ìdá 17.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ará Taiwan làwọn, ìdá 25.5 ní ará China làwọn, èyí tó pọ̀ jù sì ní àwọn jẹ́ méjèèjì. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó ní ará Taiwan nìkan làwọn ti lé ní ìdá 60, àwọn tó ní ará China nìkan kò sì tó ìdá márùn-ún.

Níta, orúkọ náà ṣì ń fa wàhálà. Nàìjíríà, tó gbà pé China kan ṣoṣo ló wà, pàṣẹ lọ́dún 2017 pé kí Taiwan kó ọ́fíìsì òwò rẹ̀ kúrò ní Abuja lọ sí Èkó. Burkina Faso já okùn àjọṣe pẹ̀lú rẹ̀ ní 2018. Eswatini nìkan ló kù ní Áfíríkà.

Nínú erékùṣù náà, ìbéèrè tuntun ti dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 700,000 láti Indonesia, Vietnam, Philippines àti Thailand ló ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́, nínú ọkọ̀ apẹja àti nílé àwọn arúgbó. Láti ọdún 2019, ọmọ ilé ìwé lè yan èdè Vietnam tàbí ti Indonesia láti kọ́. Àwọn kan lára àwọn obìnrin tó ń tọ́jú arúgbó sì ti gbọ́ Hokkien dáadáa, torí èdè tí arúgbó ń sọ nìyẹn, nígbà tí àwọn ọmọ-ọmọ arúgbó náà ń sọ Mandarin. Síbẹ̀, òfin tó ń dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ Taiwan lórí wákàtí iṣẹ́ àti ìsinmi kò kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú nínú ilé.