Ìlú Àwọn Ẹyẹ
Ìlú inú igbó ni èyí nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ẹyẹ ló ń gbé ibẹ̀, wọ́n ń fọhùn bí ènìyàn, Ògòǹgò sì ni ọba wọn. Àkàrà-Ògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé lórí, àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí ọba ìlú wọn rán wọn lọ sí Òkè Láńgbòdó. Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Láńgbòdó, eré tí Wálé Ògúnyẹmí yọ láti inú rẹ̀, ni Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC ní Èkó ní 1977.