Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù: Ìtàn Òkòwò Irun Láàárín Àwọn Aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Ní Amẹ́ríkà, fún ohun tí ó lé ní igba ọdún, òwe yìí kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu. Òfin ni. Ohunkóhun tí ẹrú bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ti olówó rẹ̀ ni. Nígbà tí oko ẹrú dópin níbẹ̀ ní ọdún 1865, lára ohun tí ó jẹ àwọn tí ó gba òmìnira lógún ni kí iṣẹ́ ọwọ́ wọn lè di tiwọn.

Òkòwò irun wà lára ibi tí ìjàkadì náà ti hàn gbangba. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò bìkítà fún irun obìnrin dúdú nígbà náà. Aláwọ̀dúdú ló ń po ìpara, òun ló ń tà á, òun náà ló ń rà á. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ta ni yóò máa jẹ́ onílé-iṣẹ́ títí lọ?

Annie Turnbo, ọmọ bíbí ìlú Metropolis ní ìpínlẹ̀ Illinois, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bá ìbéèrè yìí pàdé. Ní 1902, ó kó ọjà rẹ̀ dé ìlú St. Louis. Nítorí pé àwọn ilé ìtajà kò fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀, òun àti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ń kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń tọ́jú irun lọ́fẹ̀ẹ́ kí àwọn obìnrin lè fi ojú ara wọn rí i. Ní 1906, ó fi òfin dáàbò bo orúkọ ọjà rẹ̀, Poro, kí aláfarawé má baà jẹ lórí rẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1918, ó ti kọ́ Poro College, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-iṣẹ́ àti gbọ̀ngàn àpéjọ ti wà pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1927, nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Aaron Malone, fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀, ọkọ béèrè ìdajì òkòwò náà. Obìnrin yìí san 200,000 dọ́là kí Poro tó lè jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó dá nǹkan sílẹ̀ ni ó tún fi owó rà á padà. Lẹ́yìn èyí, ẹjọ́ àti gbèsè owó orí kò jẹ́ kí ó sinmi, títí ó fi jáde láyé ní 1957.

Sarah Breedlove, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Madam C. J. Walker, ti fìgbà kan rí jẹ́ aṣojú tí ń bá Turnbo tajà. Wọ́n bí i ní 1867 ní Delta, ìpínlẹ̀ Louisiana. Ẹrú ni àwọn òbí rẹ̀. Ó di ọmọ òrukàn ní ọmọ ọdún méje, ó di opó ní ọmọ ogún ọdún, ó sì ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1911, ó forúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Indianapolis. Ní 1917, ó pe àwọn aṣojú rẹ̀ jọ sí Philadelphia. Wọn kò sọ̀rọ̀ owó nìkan níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé ránṣẹ́ sí Ààrẹ Wilson pé kí ó fòpin sí bí wọ́n ṣe ń pa àwọn aláwọ̀dúdú láìsí ìdájọ́. Èyí ni ohun tí níní ilé-iṣẹ́ ẹni túmọ̀ sí fún wọn: ẹni tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan lè la ẹnu. Walker kú ní 1919. Ilé-iṣẹ́ náà wà títí di àwọn ọdún 1980, kí àwọn alámòójútó ogún tó tà á.

Ìtàn George Johnson ni ó fi ibi tí bàtà ti ń ta olókòwò dúdú lẹ́sẹ̀ hàn jù. Ní Chicago, ní 1954, ó lọ yá 250 dọ́là láti fi bẹ̀rẹ̀ òkòwò. Wọ́n kọ̀ fún un. Ó gba ẹ̀ka mìíràn lọ, ó ní ìgbafẹ́ ni òun fẹ́ bá lọ, wọ́n sì kà á fún un. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Joan, fi owó yìí dá Johnson Products sílẹ̀. Ní 1971, ilé-iṣẹ́ wọn ni ilé-iṣẹ́ aláwọ̀dúdú àkọ́kọ́ tí ìpín ìdókòwò rẹ̀ wọ ọjà American Stock Exchange. Ní 1975, ìjọba mú kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára ìpara tí ń na irun, nítorí èròjà líle inú rẹ̀ lè jó awọ orí. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ wà nínú ti Revlon pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí wọ́n tó kan án nípá fún wọn. Láàárín àkókò náà, oníbàárà ń rí ìkìlọ̀ lára agolo kan, kò rí i lára èkejì.

Ní 1989, George àti Joan kọ ara wọn sílẹ̀, ìpín George sì bọ́ sọ́wọ́ Joan. Ní 1993, wọ́n ta ilé-iṣẹ́ náà fún IVAX ní nǹkan bí mílíọ̀nù 67 dọ́là. Láti ibẹ̀, ó ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi dé ọwọ́ Procter & Gamble. Soft Sheen, tí ìdílé Gardner dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1964, bọ́ sọ́wọ́ L'Oréal ní 1998. Sundial, tí ó ni SheaMoisture, bọ́ sọ́wọ́ Unilever ní 2017.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí àwọn tí ó tà. Ìbínú wọn kò ṣàì nídìí, nítorí owó tí àwọn ìyá àti ìyá àgbà wọn ná ni ó gbé ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ró. Síbẹ̀, ẹrú kì í ta ẹrù. Ẹni tó ni nǹkan nìkan ló lè tà á, ẹ̀tọ́ yìí sì wà lára ohun tí òmìnira mú wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé, nígbà tí ìkọ̀sílẹ̀, ikú tàbí ọjọ́ ogbó bá dé, ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí aláwọ̀dúdú tí owó ọwọ́ rẹ̀ tó láti rà á. Nígbà tí irú wọn dé ní 2009, tí àwọn olùdókòwò tí aláwọ̀dúdú ṣáájú wọn ra Johnson Products padà, ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó ti kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Ilé ayánilówó tí ó ka owó ìgbafẹ́ fún George Johnson, tí kò fún un ní owó òkòwò, ti sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbà pé ó lè ná owó. Wọn kò gbà pé ó lè ni nǹkan.