Orin Àwọn Onírun: Ìtàn Orin Ẹgbẹ́ Furry ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àgbẹ̀ ní orin, ọdẹ ní orin, ọmọ ilé-ìwé pẹ̀lú sì ní orin tirẹ̀. Ibikíbi tí ènìyàn bá ti kó ara jọ ní abẹ́ orúkọ kan, orin kì í pẹ́ kí ó tó bá wọn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ sọ ìtàn orin rẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ lónìí kò ní ìlú kan, kò ní èdè tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ti ọ̀dọ̀ baba ńlá kan náà wá; síbẹ̀ ó ní orin. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti dá a sílẹ̀. Furry ni wọ́n ń pe ara wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "onírun lára".

Àwọn ènìyàn yìí fẹ́ràn ìtàn àti àwòrán tí ẹranko ti ń sọ̀rọ̀, tí ó ń wọ aṣọ, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bí ọmọ ènìyàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa yan ẹranko kan fún ara wọn, wọn a sì fún un ní orúkọ; àwọn mìíràn a rán aṣọ onírun tí ó bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá rí wọn lè rò pé egúngún ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀: kò sí ará ọ̀run nínú aṣọ náà, kò sì sí ẹ̀sìn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Eré àti ìfẹ́ ìtàn ni. Púpọ̀ nínú wọn a máa tọ́ka sí sinimá Robin Hood tí ilé iṣẹ́ Walt Disney ṣe ní 1973. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni akọni inú rẹ̀. Àkùkọ kan tí ó gbé ohun èlò olókùn lọ́wọ́ ni ó sì ń fi orin sọ ìtàn náà. Roger Miller, olórin Amẹ́ríkà, ni ó yá àkùkọ yẹn ní ohùn.

Ṣùgbọ́n gbòǹgbò orin wọn jìn ju sinimá yìí lọ. Láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn àròsọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó ti hù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Lee Jacobs kọ àròkọ kan lórí irú orin àtayébáyé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní folk. Nígbà tí ó ń tẹ àkọlé rẹ̀, ó fi lẹ́tà i sí ibi tí o yẹ kí ó wà, folk sì di filk. Wọn kò tẹ àròkọ náà jáde, nítorí ọ̀rọ̀ rírùn inú rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìtẹ̀ náà dùn mọ́ wọn. Ní oṣù kẹfà 1953, Karen Anderson mọ̀ọ́mọ̀ pe orin kan tí Poul Anderson ọkọ rẹ̀ kọ ní filk. Bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe di orúkọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ filk yẹ fún àkíyèsí. Nígbà tí ìpàdé ọ̀sán bá parí, àwọn olórin a jókòó yíká nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan. Bí ó bá kan ẹnìkan, ó lè kọrin fúnra rẹ̀, ó lè bẹ ẹlòmíràn kí ó kọ ọ́, ó sì lè ní kí ó kọjá òun. Ọ̀pọ̀ a mú ohùn orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, wọn a sì fi ọ̀rọ̀ titun sí i. Wọn kì í lé ẹni tí ohùn rẹ̀ kò dán kúrò. Ní 1979 ni wọ́n ṣe àpéjọ àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ti filk nìkan, ní Chicago. Láti 1984 ni wọ́n sì ti ń fi ẹ̀bùn Pegasus dá àwọn olórin náà lọ́lá ní Ohio.

Inú ilé yìí ni ẹgbẹ́ furry ti jáde. Ní 1980, ní àpéjọ ńlá àwọn olólùfẹ́ ìtàn sáyẹ́ǹsì ní Boston, Steve Gallacci pàtẹ àwòrán ẹranko kan tí ó jẹ́ jagunjagun, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara jọ láti jíròrò lórí irú rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1989, ènìyàn 65 pàdé ní Costa Mesa, ní ìpínlẹ̀ California. Ní 1997, àpéjọ Anthrocon bẹ̀rẹ̀ ní Albany; ó kó lọ sí Pittsburgh ní 2006, nígbà tí ó sì di 2023, àwọn tí ó wá síbẹ̀ ju 13,000 lọ. Bí èrò ti ń pọ̀ ni orin ń yí padà. Yàrá kan kò lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ìjókòó yíká. Orí ìtàgé gba orin, gbọ̀ngàn ijó náà sì gbà á. Níbẹ̀ ni àwọn aláṣọ onírun ti ń díje nínú ijó, bí ooru aṣọ náà tilẹ̀ ń mú wọn, tí ojú ihò kékeré ni wọ́n sì fi ń ríran.

Kí ni a ó wá fi mọ orin wọn? Kò sí ìlù kan tí ó jẹ́ tiwọn nìkan. Matthew Ebel, ará Amẹ́ríkà, a máa fi dùùrù gbe orin rẹ̀. Fox Amoore, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ṣe orin tí ó kún bí ti sinimá ńlá. Pepper Coyote ń ta gìtá. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin ijó. Ohun tí ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni pé láti inú ẹgbẹ́ ni akọrin ti wá, àwọn ará ẹgbẹ́ ni ó sì ń kọrin fún. Ẹni tí ń gbọ́ lónìí lè di ẹni tí ń kọ lọ́la.

Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn tí ayé ń fi rẹ́rìn-ín. Ní 2003, eré tẹlifíṣọ̀n CSI fi wọ́n hàn bí ẹni ìtìjú fún ogunlọ́gọ̀ òǹwòran. Kò sí tẹlifíṣọ̀n ní ọwọ́ wọn tí wọn ó fi dáhùn, ṣùgbọ́n orin wà. Ní àárín orin tiwọn, ẹni tí ó ń jẹ́ orúkọ ìkookò kò ní láti ṣe àlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ewu kan ṣì kù. Orin tí a kọ ní òru nínú yàrá, tí ẹnikẹ́ni kò gbà sílẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ ni yóò bá lọ. Fred Patten, tí ó kọ ìtàn àwọn àpéjọ wọn sílẹ̀, kú ní 2018. Mark Merlino, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pe ìpàdé 1989, kú ní 2024. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ń lọ báyìí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹgbẹ́ tí ó wà ní àyíká ilé-ìwé yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mú ìwé àti kálàmù, kí wọ́n lọ bá àwọn tí ó mọ orin rẹ̀, nígbà tí ohùn ṣì wà ní ọ̀fun wọn.